Apẹ̀rẹ̀ Irun Gàfárù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Gàfárù, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní Ọ̀rányàn. Bí o bá jókòó síwájú rẹ̀ kí ó fá orí rẹ, kí o tó dìde, wàá ti gbọ́ ti gbogbo Ìbàdàn láti Ọjà'ba dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Àwọn ọmọdé máa ń sùn lọ lábẹ́ abẹ rẹ̀. Irùngbọ̀n tirẹ̀ funfun, ó kún dé àyà, òrí ló fi ń pa á láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ìyàwó. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun tó ń fá ti gbogbo ayé kò fá tara rẹ̀, á ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, n kò sì ní fi pa mọ́.

Nígbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó ti dé, ajẹ́lẹ̀ wọn ti ń gbé ní Agodi, wọ́n sì ti ní ogun ti parí nílẹ̀ Yorùbá. Parí kẹ̀! Àwa àti àwọn ìbátan wa òkè odò tún gbéná wojú ara wa. Ogun yẹn kì í ṣe ti ṣakabùlà mọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò Bẹyẹrúnkà ti rọ ẹyẹ irin, èyí tó ń fò, tó ní dígí ńlá láyà tó ń mu oòrùn láti òwúrọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, tí ẹyẹ náà bá ṣí dígí yìí sí ènìyàn lórí, eérú ni yóò kù. Kò ní sí òkú, kò ní sí aṣọ. Inú wa dùn sí i. Kò sẹ́ni tó rántí pé àwọn ará òkè odò náà ní alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ Bẹyẹrúnkà wà lára àwọn tí ẹyẹ irin àwọn ará òkè odò sun. Idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sójú ogun, gbogbo ọmọkùnrin Ọ̀rányàn tò síwájú ilé wa kí Gàfárù fá orí wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé irun orí ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn. Onígbàjámọ̀ á kó o jọ, á dì í sínú ewé, á fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, kí ọ̀tá má baà rí i lò. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, ilẹ̀ sì ti ń mọ́. Gàfárù da irun gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Gàfárù ní ṣebí wọ́n jọ ń lọ ni, wọ́n á jọ bọ̀, bí wọ́n bá dé kí oníkálùkù wá ṣa tirẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sórí àjà.

A ṣẹ́gun. Wọ́n yìnbọn ayọ̀ ní Mápó, wọ́n ní kí a jó. Ta ni yóò jó? Àwọn tó padà sí Ọ̀rányàn kò kún ẹnu ọ̀nà ilé kan. Adégòkè wà lára wọn, iná ti mú etí rẹ̀ kan lọ. Òun àti Yésúfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, jọ dojú bolẹ̀ ní pápá ogun ni. Nígbà tí òjìji ẹyẹ irin bò wọ́n, Adégòkè sá wọ abẹ́ àpáta. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí Yésúfù mọ́.

Sẹ̀gilọlá, tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lágbo ilé kejì sí tiwa, ni ìyá Yésúfù. Kò sunkún. Lèmọ́ọ̀mù wá, ó ní kò dìgbà tí a bá rí òkú kí a tó kírun sí i lára, wọ́n sì kírun náà. Obìnrin yìí kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ, ohun tí à ń wí nìyẹn, tirẹ̀ sì nù ni. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ la máa ń mú wálé sin. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ gé lára eérú?

Ọjọ́ tó rántí apẹ̀rẹ̀ ni ó wọ ilé wa, ó kúnlẹ̀ níwájú Gàfárù. "Irun Yésúfù wà lọ́wọ́ yín," ó ní. "Ẹ fún mi, kí n rí nǹkan sin."

Gàfárù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irun: èyí tó le sọ́tọ̀, èyí tó rọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníbàárà wá, ó lé wọn padà. Àwọn ìyá mìíràn gbọ́, wọ́n sì wá jókòó tì í. Ṣé irun dúdú ló máa sọ orúkọ olówó rẹ̀ ni? Nígbà tó yá, ó da gbogbo rẹ̀ padà, ó sì sọ fún wọn pé òun ò mọ̀ ọ́n. N kò rí i kí ojú tì í bẹ́ẹ̀ rí.

Kúlúsúmù ló ní kí wọ́n kúkú sin apẹ̀rẹ̀ náà lódindi. Àwọn ìyá gbà. Àwọn tó yè ni kò gbà, nítorí irun tiwọn náà wà níbẹ̀. Ta ni ń sin ara alààyè pọ̀ mọ́ òkú? Adégòkè ló le jù nínú wọn. Ó wá bá Gàfárù pẹ̀lú ìbínú, ó ní òun ò bọ́ lọ́wọ́ iná kí wọ́n lè wá sin òun láàyè. Kò sì jẹ̀bi, ẹ̀rù bà á ni.

Gàfárù kò bá a jiyàn. Ó bu omi sínú igbá, ó pọ́n abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n rẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Kúlúsúmù bojú. Bí ó ti fá a tán ni ojú rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Ó kó irun funfun náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó pò ó mọ́ tàwọn tó kù.

"Èmi ni mo da yín pọ̀," ó ní. "Mi ò lè yà yín mọ́. Bí sísin yìí bá máa pa alààyè, kó bẹ̀rẹ̀ lórí mi."

Adégòkè lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mo sá fi Yésúfù sílẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí tèmi wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Lẹ́yìn tirẹ̀, kò sí ẹni tó tún kọ̀ mọ́. Òbí kì í bá wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì náà, nítorí náà àwọn ìyá wà nínú ilé wọn. Àwọn tó yè ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, àwọn ló gbé apẹ̀rẹ̀ sí i, tí wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn náà Adégòkè lọ bá Sẹ̀gilọlá ní yàrá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "wọ́n ti sin wá."

Sẹ̀gilọlá fà á dìde, ó gbé orí rẹ̀ lé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọmọ rẹ̀.