Òórùn Ẹṣin Bàbá Vendel

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, láti orí dé ìrù. Bí irọ́ tó tó hóró ata kan bá wà níbẹ̀, kí odò Tisza kún kó gbé ilé ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ilé náà ṣì wà níbi tó wà.

Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ tí gbogbo abúlé Nádfok máa ń gbé búrẹ́dì tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìbùkún. Kẹ̀kẹ́ Bàbá Vendel ló máa ń gbé búrẹ́dì náà, Szellő, abo ẹṣin rẹ̀, ló sì máa ń fà á. Fádà Ödön jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lọ́dún náà, ó gbé búrẹ́dì lé itan, àwọn akọrin ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò tíì dé ìdí kànga tí ajá kan fi jáde láti inú ọgbà. Ó gbóòórùn, ó tẹ̀ lé wọn. Òmíràn jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ajá mọ́kànlélógún ló ti wà nídìí ẹṣin náà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Àwọn kan ní mẹ́tàdínlógún ni. Inú ṣọ́ọ̀ṣì làwọn yẹn wà, wọn ò rí nǹkan kan.

"Bàbá Vendel," ni Fádà wí, ó ti gbé búrẹ́dì lé orí báyìí, "kí lẹ fi pa ẹṣin yìí lára?"

"Oògùn kòkòrò ni, Fádà. Èmi fúnra mi ni mo pò ó."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, áyù, ata pupa gígún, iyọ̀ díẹ̀."

Bertalan alápatà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbọ́. Ó rọra ṣí fìlà. "Ó di ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe sọ́sééjì," ló wí, "òní ni mo máa kọ́kọ́ rí èyí tó ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn."

Kì í ṣe pé orí Bàbá Vendel dàrú. Ọ̀ràn ìyúnra Szellő ló dá a lágara. Bí omi Tisza bá ti fà sẹ́yìn nígbà ìrúwé tó sì fi àbàtà sílẹ̀, àwọn kantíkantí tí kò tó orí abẹ́rẹ́ á jáde ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì máa jẹ ẹran títí òtútù á fi dé. Tí wọ́n bá jẹ ẹṣin mìíràn, á fi ìrù gbá wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ara Szellő ní tirẹ̀ kò gba itọ́ wọn rárá. Á máa fi ọrùn ha ògiri, á máa fi ìdí ha igi, títí gọ̀gọ̀ rẹ̀ á fi re, tí ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn. Ó ti wó ọgbà mẹ́ta. Ó fi ìdí ha ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípákó ti Ìyá Piroska, aládùúgbò wọn, títí ó fi dojú dé, Ìyá Piroska sì wà nínú rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ní kò tíì mọ bí ìròyìn náà ṣe parí dòní.

Àwọn mìíràn ì bá ti tà á. Ṣùgbọ́n Ilka, ìyàwó Bàbá Vendel, ló fi ìgò wàrà tọ́ ẹṣin náà dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó sì kan Ilka fúnra rẹ̀ láti kú, ohun kan ṣoṣo ló sọ nípa ẹran náà: "Vendel, má jẹ́ kó wọ ọkọ̀ yẹn." Kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ yẹn ní Nádfok. Ọkọ̀ àwọn tó ń ra ẹṣin fún pípa ni. Ẹṣin tó bá wọ̀ ọ́ kì í bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ajá yẹn náà ni Margit, ọmọbìnrin Bàbá Vendel tó ń gbé ní ìlú Szolnok, bá bàbá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin.

"Bàbá, ẹ wo ọrùn ẹ̀. Ẹran yìí ń jìyà. Ohun tẹ́ ẹ ń pè ní ìfẹ́ yìí kì í ṣe ìfẹ́ mọ́, agídí ni."

"Oògùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́."

"Ajá ló jẹ ẹ́, Bàbá."

 Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dùn ún nítorí òótọ́ ni. Bàbá Vendel ní, "Fún mi láyè títí di ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́." Ogójì ọjọ́ nìyẹn. Bí egbò bá ṣì wà lọ́rùn Szellő lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ á dé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹ̀, bàbá àti ọmọ, kò sì sí èyí tó wo ojú èkejì.

Bàbá Vendel kọ́kọ́ lọ sí ọjà ẹran. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta òróró aláwọ̀ ewé nínú agolo, ó ní kò sí kòkòrò tó lè sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìbùsọ̀ kan.  Bàbá Vendel ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ọkùnrin náà lójú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ẹ ò ní rà á ni, Bàbá?"

"Mò ń dúró de eṣinṣin tó wà lórí imú ẹ," ni Bàbá Vendel wí. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ fò."

Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Dókítà Etelka sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Etelka ni dókítà ẹranko abúlé náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó ti ń gbé ìgò oògùn kan wá láti oṣù karùn-ún, Bàbá Vendel sì ti ń dá a padà láti oṣù karùn-ún.

"Ọmọ mi, mo ti ń tọ́jú ẹṣin kí ìyá ẹ tó mọ ọ̀nà ilé ọkọ. Omi ọṣẹ ni ìyẹn."

"Tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, Bàbá, ẹ bi àwọn kantíkantí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Vendel jókòó sórí àga lórí òkìtì tí wọ́n mọ sétí odò kó má bàa ya wọ abúlé, ó ká apá ẹ̀wù àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Ó fi ọtí kíkan pa apá ọ̀tún, ó fi omi ewé igi wọ́nọ́ọ̀tì pa apá òsì, ó fi gíríìsì katakata pa ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì ló fi sílẹ̀ fún ìgò Etelka. Kò pariwo, kò pa ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn kantíkantí jẹ ẹ́ tán, Etelka ka ojú ibi tó wú, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sínú ìwé: apá ọ̀tún, mọ́kànlélọ́gọ́ta, apá òsì, mẹ́rìnlélógójì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, méjìdínláàádọ́ta. Ẹsẹ̀ òsì, mẹ́ta.

"Ẹsẹ̀ òsì kò ṣeé gbára lé," ni Bàbá Vendel wí. "Ajá ìyá ìyàwó mi bù ú jẹ nígbà tí mo ń fẹ́ Ilka. Láti ìgbà náà, kò sí ohun abẹ̀mí tó tún fẹ́ fẹnu kàn án."

Wọ́n gbé oògùn ìgò lọ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kejì. Méjì. Ó ní apá yẹn ti ń ṣe ọ̀lẹ láti kékeré. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí wọ́n fi pa iwájú orí òun, nítorí orí òun kò lè parọ́. Ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì àjọ̀dún láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn, ṣùgbọ́n iwájú orí ń dán gbinrin. Ó wo dígí fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n inú ìgò ọtí mi ni kó o bá mi dà á sí. Kí ará abúlé má sì gbọ́."

"Èmi ò ní sọ. Àmọ́ oògùn nìkan ò tó, Bàbá. Ẹ máa fi pa á láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ mú un wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Kó sì wọ aṣọ láti ọrùn dé ìdí, aṣọ tí ihò ẹ̀ kò lè gba kantíkantí."

Wọn kò ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní Nádfok. Bàbá Vendel ronú ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó gun àga nínú yàrá àlejò, ó sì tú kọ́tìnì funfun tí Ilka gbé wá sílé ọkọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn fún ọdún méjìlélógójì. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwòrán Ilka tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló gbé abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí Szellő kọ́kọ́ jáde nínú aṣọ náà, Bertalan tún ṣí fìlà. "Ẹ kú oríire o, Bàbá," ló wí. "Ta ni ọkọ?"

Ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́ dé. Ọkọ̀ dúró níta, awakọ̀ ń mu sìgá. Margit wọ inú àgbàlá, ó bá ẹṣin nínú kọ́tìnì ìyá rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó fi ìka ya gọ̀gọ̀ ẹṣin sí méjì. Egbò ti gbẹ. Irun tuntun kúkúrú ti ń hù bíi koríko lẹ́yìn òjò. Bàbá Vendel dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń di etí àga mú, ojú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀.

Margit kò sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹṣin rárá. Ó ń wo etí aṣọ náà.

"Bàbá," ló wí níkẹyìn, "ẹ rán an wọ́."

Ó jókòó sórí igi ìdáná, ó tú u, ó sì tún un rán. Awakọ̀ mu sìgá rẹ̀ tán, ó gbé ọkọ̀ òfìfo lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Vendel ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ló pilẹ̀ oògùn náà. Ó ń fi ìgò ọtí hàn wọ́n láti òkèèrè. Etelka á jókòó síbẹ̀, á máa mi orí bíi pé bẹ́ẹ̀ ni, kò já a nírọ́ rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Szellő fi gbé búrẹ́dì tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà.

Oṣù kìíní ni Bàbá Vendel kú, nígbà tí odò dì gbagidi, tí kò sí kantíkantí kan láyé. Szellő ló fa pósí rẹ̀. Margit wọ ẹṣin náà láṣọ kọ́tìnì yẹn síbẹ̀síbẹ̀, ó ní bàbá òun kò ní fojúure wo òun tí ẹṣin náà bá jáde láìwọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n kọjá ìdí kànga, ajá kan jáde láti inú ọgbà, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀rá lára ẹṣin, kò sí áyù. Wọ́n kàn ń tẹ̀ lé e ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sẹ́ni tó lé àwọn ajá náà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí Nádfok, kó béèrè Dókítà Etelka Bognár. Ó ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ìwé tó kọ iye ojú ìjẹ kòkòrò ọjọ́ kìíní sí wà nínú dúrọ́wà rẹ̀. Ẹ ní kó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn yín, níbi tí Bàbá Vendel fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí pé ẹsẹ̀ òsì rẹ́ òun jẹ. Kẹ́ ẹ wá yí ìwé náà padà, kẹ́ ẹ ka ohun tí kò fẹnu sọ rí títí ó fi kú: "O ṣé, ọmọ mi."