Gẹ̀gẹ̀ Ilé Wọn

Tíṣà ni Mọ́láyọ̀ ìyàwó mi. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ló ń kọ́, ní ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ìwó níbí. Láti ojú títì ni èèyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lẹ́nu ọ̀nà máa ń bá a ka ABD. Bó bá pe "A", wọ́n á dáhùn lórí ọ̀kadà wọn, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá lọ tí dùùrù dákẹ́, òun kì í dákẹ́.

Kuta, ìlú kan nítòsí Ìwó, ni wọ́n bí i sí. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ obìnrin ilé wọn. Ìyá àgbà ní in. Ìyá rẹ̀ ní in. Àbúrò ìyá rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyá Ọlábánjí, ní in. Ìyá àgbà gbé tiwọn, tó tó ọsàn, títí wọ́n fi kọjá ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lọ sóko, ohun mìíràn ló sì pa wọ́n.

Nígbà tí Mọ́láyọ̀ bí Fìyìnfólúwa, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ wa kan ṣoṣo, gẹ̀gẹ̀ tirẹ̀ náà yọ. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ìyá Ọlábánjí wá kí ìyá ìkókó, wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́rùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Káàbọ̀ sílé! A ti ń rò ó pé bóyá wọ́n pààrọ̀ rẹ ní ọsibítù."

Mọ́láyọ̀ ní, "Ẹ ò kúkú fún mi nílẹ̀, gẹ̀gẹ̀ lẹ fún mi."

"Ilẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀. Ta ni yóò bá ọ du gẹ̀gẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Fìyìn fi dàgbà, tó kàwé, tó ríṣẹ́ sí báǹkì ní Òṣogbo. Kò dùn ún. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà ọyẹ́ èṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò pẹ́, kọ́là aṣọ rẹ̀ kò pàdé mọ́. Ohùn rẹ̀ há. A ní ọyẹ́ ni. A ní eruku ṣọ́ọ̀kì tó ń fà símú ni. Ó ń fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun, ó ń jẹ orógbó bí àwọn akọrin ti ń ṣe. Lateefat, tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ẹ̀gbọ́n, irùngbọ̀n ló kù o, ohùn ọkùnrin ti dé."

"Bí mo bá hu irùngbọ̀n, ìwọ ni n ó fi ṣe ìyàwó."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó dìde láti dá orin. Ìlà kìíní jáde. Ìkejì kò jáde. Ó tún un ṣe, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ìjọ dúró. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn gba orin náà. Mọ́láyọ̀ jókòó, ó ń wo ìwé orin tó ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀ títí ìsìn fi parí.

Fìyìn wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó rí i pé bí ìyá rẹ̀ bá mu omi, ikọ́ ló ń tẹ̀ lé e.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Nítorí gẹ̀gẹ̀? Gẹ̀gẹ̀ kì í pa èèyàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá àgbà."

"Ìyá àgbà kì í ṣe dókítà."

"Àwọn ló gbé e sọ́rùn títí ọjọ́ ogbó. Dókítà wo ló mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ?"

Fìyìn kò jiyàn mọ́. Ó pe oníkẹ̀kẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì ìyá rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Mọ́láyọ̀ tẹ̀ lé báàgì rẹ̀.

Láti gáréèjì, àwa mẹ́ta wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Ọ̀jẹ̀túndé lorúkọ dókítà tó gbà wá. Ó ní kí Mọ́láyọ̀ mu omi, ó ń wo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Ó fọwọ́ tẹ gẹ̀gẹ̀ náà. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn.

"Màmá, láti ìgbà wo lèyí ti wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí."

Dókítà wo Fìyìn láti orí dé ẹsẹ̀.

Mọ́láyọ̀ ní, "Gẹ̀gẹ̀ ilé wa ni, Dókítà."

"Màmá, orúkọ àpò ni gẹ̀gẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò ni mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọrùn rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, dókítà ṣàlàyé. Ó ní ẹran kékeré kan wà lábẹ́ gògóńgò gbogbo èèyàn, ó rí bíi labalábá, òun ló ń wú tí a ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bó bá le, tó ń yára dàgbà, tàbí tí ohùn há tí kò là mọ́, kí èèyàn má dúró wò ó. Ti Mọ́láyọ̀, jẹjẹrẹ ni. Ó ti di mọ́ ọ̀nà èémí. Wọn kò lè gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Mo bi í pé bí a bá ti wá nígbà tó rí bíi kóró àgbálùmọ̀ ńkọ́.

Dókítà ní, "Bóyá kò tíì di jẹjẹrẹ nígbà yẹn, Bàbá. Bó bá tilẹ̀ ti di jẹjẹrẹ, à bá yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá tètè rí tiwọn máa ń padà sílé lọ gbé ayé wọn."

Mọ́láyọ̀ kò sunkún. Ó na ọwọ́, ó fa Fìyìn mọ́ra, ó ń fi ìka wá ọrùn ọmọ náà. Ìka rẹ̀ dúró níbì kan.

"Kí lèyí?"

"Ó ti tó ọdún kan, Màámi. Mo rò pé tèmi náà ló dé."

Dókítà ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kíá. Fìyìn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó ní ó di ìgbà tí ara ìyá òun bá yá díẹ̀. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń po ẹ̀kọ fún un. "Ta ni yóò tọ́jú yín bí mo bá lọ dùbúlẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ wá. Mọ́láyọ̀ pa ẹnu dé.

"Màámi, ẹ la ẹnu."

Ó mi orí. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ nígbà náà. A ní láti gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ ká tó gbọ́.

"Lọ ṣe tìrẹ."

"Ẹ kọ́kọ́ mu èyí."

"Lọ."

"Ẹ̀ ń ṣe bí ọmọdé, Màámi."

"Ọmọdé ni mo ń kọ́. Mo ti kọ́ ìṣe wọn."

Fìyìn gbé ẹ̀kọ padà. Ó tún gbé e wá lọ́sàn-án. Mọ́láyọ̀ kò wò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Fìyìn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun yóò lọ. Mọ́láyọ̀ ní kí n pe dókítà lórí fóònù níwájú òun, kí ọmọ yìí má baà tan òun. Mo pè é. Ìgbà náà ló tó la ẹnu.

Ti Fìyìn náà, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó kéré, kò tíì jáde kúrò nínú labalábá náà. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Lateefat gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó bá a lọ. Èmi dúró ti Mọ́láyọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Lateefat pè. Mo gbé fóònù sí Mọ́láyọ̀ létí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti jí. Ó ti sọ̀rọ̀, omi ló ń bèèrè. Wọ́n ní yóò máa lo oògùn láràárọ̀ ni, kò sí wàhálà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́?"

Mọ́láyọ̀ di ojú. Ètè rẹ̀ mì. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ó tó," ni ó wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a ní òkú.

Mo lọ sí Ìbàdàn fúnra mi. N kò fẹ́ kí Fìyìn gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì funfun wé e lọ́rùn. Ó wo ojú mi, ó mọ̀.

"Ṣé Màámi gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Ó gbọ́."

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má sunkún, kí ojú ibi tí wọ́n rán má baà fà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, ó sì sunkún.