Òkè Tó Dá Mi Dúró ní Thamesmead

Àpótí tí mo rà ní ọjà Woolwich, ní London, ṣì ń rùn bí ike tuntun nígbà tí ìròyìn náà dé, ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Òkè ayọnáyèéfín kan ti bú ní Iceland, eérú rẹ̀ ti gba ojú òfurufú, wọn ò sì jẹ́ kí bààlúù gbéra mọ́. Ìbàdàn ni mò ń lọ, kí n lè fojú kan bàbá mi kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ò fi dá wa lójú pé wọ́n á jí.

Mo jáde sí títì Harrow Manorway, ara mi ò balẹ̀. Bààlúù máa ń fò kọjá lórí wa níbẹ̀, tí èèyàn á dá ọ̀rọ̀ dúró títí á fi lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìkankan. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo ń wá eérú náà lókè, mi ò rí i, síbẹ̀ òun ló so gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mi ò lè gbójú kúrò.

Nígbà tí mo pe bàbá mi, mo rò pé ọkàn wọn á bàjẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n rín.

"Daddy, ṣé ẹ ò bínú ni?"

"Kí ni màá bínú sí? Ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Jọ́gíráfì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ wọn ò kọ́ mi rí. Wọ́n ní òkúta máa ń yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ bí ìgbà tí ògì ń hó, á wá ibi tó sán gbà jáde. Èyí tó bá tú síta á gan, òmíràn á tún dà lé e, títí á fi di òkè. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn kan bú débi pé èéfín wọn bo oòrùn fún ìgbà pípẹ́. Òtútù mú nígbà tó yẹ kí ooru mú, irè oko ò ṣe dáadáa, ebi lé àwọn èèyàn kúrò nílùú wọn, láìmọ̀ pé òkè kan tó wà ní ìkángun ayé ló fà á.

"Ilẹ̀ ò tíì parí," ni wọ́n wí, wọ́n rọra sọ ọ́. "Ọlọ́run ṣì ń mọ ọ́n lọ́wọ́."

Ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà fi là. Tẹ́lẹ̀, kí a kíra, kí a dúpẹ́, kí a gbé fóònù sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ náà ṣáájú mi, àmọ́ wọ́n jí, mo sì bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bi mí bí ojú ọ̀run ṣe rí. Wọ́n tún lo ọdún bíi mélòó kan sí i kí wọ́n tó lọ.

Títí dòní, mi ò lè pe orúkọ òkè yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní kò bú ni, ǹ bá sin bàbá mi láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.