Alùpùpù Ìyá Mi

Òórùn pẹtiróòlù tó ta sí mi lọ́wọ́ lánàá tún bí mi nínú. Ó rán mi létí ọ̀sán tí ìyá mi ti alùpùpù àlòkù wọ ilé wa ní Ìbarà. Olùkọ́ ni ìyá mi ní Ọdẹ́dá, owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á. Ó ti dípẹtà, kò sì ṣiṣẹ́. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó ń fi pẹtiróòlù fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò kọjá lára rẹ̀, wọ́n lọ bá bàbá mi.

"Bàbá, ẹ kú ìnáwó! Á pe mọ́tò wá o!"

"Àmín, ẹ ṣé."

Ẹni tó ra nǹkan ló yẹ ká kí. Mo pariwo pé, "Màmá mi ló rà á!"

Ìyá mi ní, "Pa ẹnu ẹ dé."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ló bẹ bàbá mi kó gba ìkíni náà, kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ má baà ní kó tà á torí pé obìnrin ni.

Nígbà tó yá, alùpùpù náà ṣiṣẹ́. Ìyá mi ló ń wà á, bàbá mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ti ń jáde, ìyá àgbà kan ké tẹ̀lé wọn pé, "Bàbá, ẹ rọra máa wà á o!"