Omi Òkun Nínú Pálọ̀

Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ni mo ní láti ọjọ́ tí a ti gbé gíláàsì yẹn dúró: omi iyọ̀, iná mànàmáná, àti ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo wọn nínú pálọ̀ kan náà ní Egan. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní àníyàn mi ti pọ̀ jù. Bóyá lóòótọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, tí mo bá wọ ilé onílé, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá.

Ọkọ mi a máa tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lọ́hùn-ún ní Island. Ọ̀gá kan tó máa ń bá ṣiṣẹ́ ní omi òkun nínú gíláàsì ńlá, pẹ̀lú ẹja àti iyùn tó ṣì wà láàyè. Nígbà tí ọ̀gá náà ń kó lọ sí òkè òkun, ó ní kí ọkọ mi wá mú díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má bàa kú. Bó ṣe gbé kúlà wọlé lọ́jọ́ kan nìyẹn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹja kéékèèké méjì wà níbẹ̀, àti ohun kan tó dà bí ìka ọwọ́ tó rọ̀.

“Iyùn nìyẹn,” ló wí.

“Iyùn ọrùn?”

“Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni. Àmọ́ èyí ń mí.”

Kò sí ohun kan tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja. Gíláàsì náà, àpótí ìpàtẹ ọjà ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ní Igando ni ọkọ mi ti rí i. Èmi ni mo di igun rẹ̀ mú nígbà tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ mi fi kú. A gé dírọ́ọ̀mù búlúù kan sí méjì, a ti ìdajì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Omi á ti inú gíláàsì ṣàn sínú dírọ́ọ̀mù, á gba àárín fóòmù àti òkúta tó ń yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kọjá, pọ́ńpù á sì tún tì í padà sókè gba inú páìpù. Ìgò omi ńlá, irú èyí tí wọ́n ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi tútù ní ọ́fíìsì, ló fi ṣe ohun tó ń mú kí ìdọ̀tí hó jáde bí ọṣẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná máa ń lọ ní àdúgbò wa. Tí iná bá lọ, pọ́ńpù á dákẹ́, páìpù náà á wá yí padà, á máa fa omi òkè wálẹ̀, títí dírọ́ọ̀mù á fi kún, tí omi á sì bo ilẹ̀. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ki ìṣó bọ iná gáàsì títí ó fi pọ́n, ó fi dá ihò kékeré kan lu sára páìpù níbi tí ojú omi mọ. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, fífà náà á sì dúró. Ihò imú ló ń pè é.

“Páìpù yìí ń mí,” ló wí. “Tó bá ṣáà ti ń mí, kò séwu.”

Báyìí ni ààbò ilé mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ ihò tí ìṣó lù.

Ìyá onílé wa, Alhaja kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni gbogbo ìlà ilé wa, wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìborùn rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹja fẹ́ já a gbà.

“Ìyàwó, kí lẹ ń fún wọn jẹ?”

“Oúnjẹ wọn wà nínú ike, mà.”

“Ẹ̀yin lẹ wá ń bọ́ ẹja. Ẹja ò bọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. “Omi kànga ni?”

“Ti òkun ni, mà. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń bù ú wá.”

“Òkun! Ẹ gbé òkun wọ ilé mi. Ṣé ẹ bi í bóyá àlejò ló wá ṣe, àbí ó fẹ́ máa gbébẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí ó fi dé ilé tirẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ mi ni kò bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Bí pọ́ńpù bá ń ti omi, iyùn á máa mi ìka rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ á ní, “Wò ó, omi ń jó.” Ọmọ náà á máa ju ìdí: “Omi jó! Omi jó!” Ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Omi á ta sára páìpù, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Èyí tó tẹ̀ lé e á gun orí rẹ̀. Mo nù ún kúrò lára tábìlì, mo nù ún kúrò lára wáyà. Wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wa kò gùn, nítorí náà orí búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù, la gbé e lé. Lọ́jọ́ kan mo rí iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀, funfun, bí itọ́ tó gbẹ sẹ́nu ẹni tó sùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ki ọwọ́ bọ inú gíláàsì, tí nǹkan kan sì ta mí ní ìka, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèrà bá géni.

“Daddy, omi yẹn ń ta mí,” ni mo sọ fún ọkọ mi.

“Iyọ̀ ni. Ṣé kò sí ọgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ?”

“Mo ní iná ni.”

“Tó bá jẹ́ iná ni, ẹja á ti kú, jàre. Lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé gbogbo wáyà ẹ̀ kọ́ sára ògiri.”

Mo wo ọwọ́ mi yípo. Kò sí ọgbẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú náà sì dé, wọ́n pè é síbi iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ọmọ mi ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Iná lọ; mo mọ̀ nítorí pé rédíò ilé kejì pa lẹ́nu mọ́. Mo ń fọ aṣọ mi lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé.

“Mọ́mì! Omi jó!”

“Ó ń jó, àbí? Bá a jó, ọmọ mi.”

Ó tún sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo sá a. Orí okùn aṣọ yẹn ni ọwọ́ mi wà tí ó fi yé mi. Kò síná. Pọ́ńpù ò ṣiṣẹ́. Omi wo ló ń jó? Ohùn ọmọ náà kò sì lọ sókè bó ṣe máa ń lọ. Ó wálẹ̀. Kò sọ pé omi ń jó. Omi ń jò ni ó ń pè mí sí.

Mi ò rántí bí mo ṣe wọlé. Omi ti gba ilẹ̀ pálọ̀, kápẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin. Ọmọ mi dúró sínú rẹ̀ láìwọ bàtà, wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tó bá ń fa ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀. Ó ti fà á bọ́ lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà dojú bolẹ̀ sínú omi, kò sì ṣe é ní nǹkan kan, nítorí pé iná kò tíì dé.

Ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. Kí n padà lọ pa á, kí n fi ọmọ sílẹ̀ sínú omi? Àbí kí n wọ inú omi lọ bá a, kí iná dé bá àwa méjèèjì? Ẹsẹ̀ mi ló lọ sínú omi.

“Jù ú sílẹ̀!”

Ó rò pé eré ni. Ó fa wáyà náà mọ́ àyà. “Tèmi!”

Mo gbá a mú lábẹ́ apá, mo já wáyà gbà, mo gbé e. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tó gbẹ, ni mo gbọ́ àwọn ọmọ ilé kejì: “Up NEPA!” Nǹkan dún gbàù lẹ́yìn mi. Iná búlúù kan kọ mànà lójú omi, òórùn rọ́bà tó jóná sì gba gbogbo ilé. Ọmọ mi ń wo ẹ̀yìn lórí èjìká mi, ó ń pàtẹ́wọ́ sí iná tó dé.

Mo dì í mú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé mo ń fún òun.

Ìyá onílé ti sáré dé ẹnu ọ̀nà. “Ìyàwó! Kí ló ń jó?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó lọ pa iná ilé fúnra rẹ̀. Kò dá àpárá kankan. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ń sọ pé “Alhamdulillah” lábẹ́ ẹnu. Mo lọ wo páìpù. Iyọ̀ ti dí ihò imú rẹ̀ pátápátá. Mo fi pínnì irun yọ ọ́, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò tóbi ju kóró ata lọ.

Kí ọkọ mi tó dé nírọ̀lẹ́, mo ti kó ẹja àti iyùn sínú kúlà, mo sì ti to ìjà mi sẹ́nu. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un tán. Ó wo páìpù. Mo mọ ojú yẹn. Ojú àtúnṣe ni.

“Tí mo bá dá ihò míì lu ní…”

Kò parí rẹ̀. Ọmọ náà sùn lé mi lẹ́sẹ̀.

“Níbo ló dúró sí?”

Mo fi hàn án. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó na ọwọ́ láti ibi tí ọmọ dúró sí ibi tí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ṣubú sí. Kò nà án tán tí ó fi kàn án. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Ẹnì kan ń ta ẹja ní Egbeda,” ló wí. “Màá gbé wọn lọ bá a nísinsìnyí.”

“Ẹ kọ́kọ́ jẹun, ẹ jọ̀ọ́.”

“Rárá. Ṣáà gbá ọmọ mú.”

Ó tú páìpù, ó wọ́ dírọ́ọ̀mù jáde, ó da òkun rẹ̀ sí gọ́tà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó ti jí, ó ń ta ẹsẹ̀, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi nu ilẹ̀ gbẹ, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri.