Ọ̀sán Tí Mo Gún Bàbá Lábẹ́rẹ́

Ọmọbìnrin mi ń fi sípíríìtì nu ikùn rẹ̀, kó tó ki páìpù tín-ín-rín tí oògùn àtọ̀gbẹ ń gbà wọra bọ abẹ́ awọ. Òórùn yẹn ló gbé mi padà sí Ajah, sí ẹ̀yìnkùlé wa létí ọ̀sà, níbi tí èéfín ẹja ti ń ta ojú.

Bàbá mi, apẹja, yọ ìgò oògùn àtọ̀gbẹ wọn tó tutù nínú àmù. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ onígíláàsì sókè sí oòrùn, wọ́n yí i títí.

"Ìwọ olójú àwòdì, bá mi fà á dé ìlà kẹta. Tó bá lé, ó lè pa mí o."

Ìyá mi lanu: "Ẹ̀yin náà! Ọmọdé yìí kẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀, ọkùnrin ni."

Mo fà á, kò lé, kò dín. Mo gún wọn nítan. Kò sí ẹni tí mi ò ròyìn fún ní Ajah pé nínú gbogbo ọmọ Bàbá, èmi tí mo láyà ni wọ́n yàn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àrùn náà ti ń mú ojú wọn lọ.

"Dádì, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó wọlé dáadáa?" ọmọbìnrin mi bi mí.

Èmi olójú àwòdì! Mo ní kó yí sí oòrùn díẹ̀ sí i.