Atẹ̀wé Tó Gbógun Ti Egbò Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀

Kò sí ìwé kan tó wọ ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Alátùn-únṣe tí kì í fi bírò pupa tún kọ. Àní nígbà tí dókítà kọ ìwé sí i pé ó ní àtọ̀gbẹ, ó fi bírò náà ṣàtúnṣe àṣìṣe méjì nínú rẹ̀, ó ká a, ó sì sọ àìsàn náà sínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kan, irin ẹ̀rọ já bọ́ lé e ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára, torí ṣúgà ti sọ ẹsẹ̀ náà di òkú igi. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ni ọ̀gá bá gbé ogun dìde. Láràárọ̀ ló ń tú báńdéèjì, á fi rúlà wọn egbò, á kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, á wá fi owú gbígbẹ họ ọ́ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Bí egbò bá fẹ̀ sí i, inú á bí i bíi pé ọmọọṣẹ́ ló yájú sí i.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn bi í pé, “Bàbá, ta ló họ ibí yìí?”

“Èmi ni. Kó lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ẹsẹ̀.”

“Ó ti mọ̀, sà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó ráyè sàn. Ìbínú yín yìí ń gbé ṣúgà yín sókè, ara tó sì ń fojoojúmọ́ múra ìjà kì í ráyè tún ara rẹ̀ ṣe.”

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo àṣìtẹ̀. “Ọdún mélòó lẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí?”

“Mọ́kànlélógún.”

“Kò tíì pọ̀.”

Aránṣọ kan wà tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Egbò gìgísẹ̀ tirẹ̀ tóbi ju ti ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń lo oògùn, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣàwàdà. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ti jinná. Ọ̀gá ní tìyẹn kì í ṣe egbò gidi. Ní ti egbò ọ̀gá, kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ńṣe ló ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

“Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín ni?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í nílé.

Ẹ̀rù ń bà á. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ó sì ṣojú rẹ̀. Àmọ́ kàkà kó sọ ọ́, ó lọ ra rúlà tuntun.

Lóṣù kẹrin, ìka náà dúdú. Wọ́n gé e. Nọ́ọ̀sì gba rúlà, ó wé ẹsẹ̀ náà dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u lẹ́yìn òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀gá fi kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin ó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó tì í. Oorun tó sùn lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tó ti sun irú rẹ̀.

Ojú ibẹ̀ jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá padà síbi iṣẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn oníbàárà lẹ́kọ̀ọ́ pé, “Wọn kì í yọ egbò lẹ́nu. Mo sọ ọ́ títí fún àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, wọn ò gbọ́.”

Ìyàwó rẹ̀ ti jáde lọ wá bàtà tí yóò gba ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin.